Òòyì àti Kẹ̀kẹ́ Ìrànwú

Ní ìgbà èwe mi ní Upenmen, bí oòrùn bá ti rọ̀ tán tí àwọn tí ó lọ sí oko sì ti sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá tí ó bí ìyá mi, tí èmi náà ń pè ní ìyá mi, a máa gbé àpótí rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbé igbá òwú sí ẹ̀gbẹ́ òsì, a gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, a sì mú kẹ̀kẹ́ ìrànwú rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí a fi amọ̀ róbótó bọ̀ nídìí kí ó lè wúwo. Yóò fi ìka kan eérú kí òógùn má bàa mú ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ta á, ọ̀pá a sì máa pòòyì nínú àwo ní ojú kan ṣoṣo, láìlọ síwájú, láìlọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń pòòyì ni ọwọ́ òsì ìyá wa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí fọ́nrán òwú ń gùn láàárín ọwọ́ àti ọ̀pá, bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń jáde.

Àwa ọmọdé ń ṣe òòyì tiwa nínú àgbàlá. A ó na ọwọ́ méjèèjì, a ó máa yí, a ó máa yí, títí igi ọsàn, ògiri ilé àti àwọn ewúrẹ́ tí ń jẹ èèpo iṣu yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí wa ká. Nígbà náà ni a ó ṣubú lulẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tí a ó dì mọ́ ilẹ̀ kí ó má bàa gbé wa ṣubú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ìyá wa pè wá. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti jókòó ni ẹ ti ń yí, èmi náà kò sì dẹ́kun yíyí. Ẹ wá wo tèmi.” Ó na ọ̀pá náà sí wa, òwú tí ó ká mọ́ ọn lára sì ti tó ẹyin adìyẹ. “Tiyín dà?” A kò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́, irun ti funfun lórí èmi náà, mo sì ti rí i pé kò sí ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ yí ayé padà ju èyí tí ìyá arúgbó náà bi wá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn yìí kúrú, ó sì jìn bí kànga. Yí ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọdé a máa yí títí òòyì yóò fi kọ́ ọ. Ẹni tí inú ń run a máa yí nílẹ̀. Odò a yí òkè ká. Ọdún a yípo. Ẹlẹ́ṣẹ̀ a yí ọkàn padà. Ìjọba a yí padà. Bí ọ̀ràn bá sì kọjá gbogbo ìwọ̀nyí, a ní ayé dojú dé. Kẹ̀kẹ́ ni ohun ìrànwú ìyá mi ń jẹ́, nígbà tí òyìnbó sì gbé ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ dé, tí a rí i pé yíyí ni òun náà fi ń rìn, kẹ̀kẹ́ ni a tún pè é. Bí àgbà bá sì mí kanlẹ̀ tí ó ní ayé ń yí, kò sí ẹni tí í bi í léèrè bóyá ilẹ̀ tí a tẹ̀ ni ó ń wí tàbí ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gba méjèèjì wọlé. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ wọn tí í jẹ́ revolution, inú èdè Látìn ni ó ti wá, ohun tí ó sì wà ní gbòǹgbò rẹ̀ ni kí nǹkan yí padà síbi tí ó ti kúrò. Nígbà tí ìwé Nicolaus Copernicus jáde ní 1543, tí ó fi hàn pé ayé ni ó ń yí oòrùn po, ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àkọlé rẹ̀, kò sì sí idà tàbí ìbọn nínú ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà, bí kò ṣe ìrìn àwọn ohun ojú ọ̀run tí í lọ tí í sì í bọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba wọn James Kejì lọ ní 1688, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi pè é, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé ńṣe ni àwọn dá ìlú padà sórí òfin àtijọ́. Ọdún 1789 ni àwọn ará Faransé dìde, tí wọ́n wó ẹ̀wọ̀n Bastille, tí wọ́n sì bẹ́ ọba wọn lórí ní 1793. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ó ti ń bá ìràwọ̀ rìn ti sọ̀kalẹ̀ sí ìgboro, tí ó wá ń gbóòórùn ẹ̀tù.

Èéṣe tí ọ̀rọ̀ kan fi ru ẹrù méjì tí ó dà bí ọ̀tá ara wọn, ìyípo tí í dá nǹkan padà sí ipò rẹ̀, àti ìdojúdé tí í fọ́ ìkòkò tí omi inú rẹ̀ kò ní í ṣe é kó mọ́? Bí ayé bá sì ń yí fúnra rẹ̀, nípa àṣẹ Olódùmarè, kí ni ọwọ́ ẹ̀dá ń wá níbẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá ni ó ń yí i, kí ló dé tí ohun tí a lé lọ fi ń padà wá jókòó ní ibi tí a ti lé e? Ẹni tí ó ń gbé Upenmen kò ní í rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí a ti wọn ìbéèrè wọ̀nyí wò, nítorí Ọ̀wọ̀ wà nítòsí.

Ọ̀wọ̀, ìlú Ojúgbèlú ọmọ Odùduwà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọlúàbí fi í tẹríba fún àgbà, ìlú ààfin gbàràmù-gbaramu tí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ láìní amọ̀nà yóò máa wá ọ̀nà àbájáde. Ní 1941 ni Ọba Ọlátẹ̀rù Ọlágbègí Kejì gun orí ìtẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Igbe 1951, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n wá, Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, sì gbà wọ́n lálejò. Michael Adékúnlé Àjásìn, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Imade College nígbà náà, wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. Ọba àti olùkọ́, adé àti ìwé, wọ́n jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà.

Ohun tí ó ti inú àjọ náà jáde kì í ṣe ohun kékeré. Àjásìn ni ó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gùn lé, nígbà tí ó sì di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn, a kò sun ilé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ń gbé síléètì kọjá lẹ́yìnkùlé ìjòyè ní òwúrọ̀, ọmọ ìjòyè sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì jọ jókòó lórí àga gbọọrọ kan. Bí a bá ń wá ohun tí ó dojú ayé àtijọ́ dé ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ní 1962 ẹgbẹ́ náà là sí méjì. Awólọ́wọ̀ wà ní apá kan, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá wà ní apá kejì. Ọlọ́wọ̀ ń bá Akíntọ́lá lọ, Àjásìn kò sì fi Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó ti jọ tọwọ́ bọ àwo kan wá di ẹni tí kò lè kí ara wọn kú àárọ̀. Ìdìbò 1965 mú kí Ìwọ̀ Oòrùn di iná, tí a ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn, tí orúkọ wẹ́tìẹ̀ sì di ohun tí ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966 àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Kò pẹ́ tí rògbòdìyàn fi bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ lórí ọ̀ràn ọba, ọba sì kúrò ní ìlú. Ní 1968 ìjọba yọ ọ́ lórí oyè, Ọba Adékọ́lá Ògúnoyè Kejì sì gun orí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá wà láàárín ìgboro ní ọjọ́ wọ̀nyẹn yóò búra pé ayé àtijọ́ ti kọjá lọ, kò sì ní í padà mọ́ láéláé.

Ayé yí fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọba Ògúnoyè wàjà. Ní 1993 Ọba Ọlágbègí, tí ó ti di arúgbó, padà sí ààfin tí ó ti kúrò, ó sì wà lórí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1998. Ọmọ rẹ̀, Ọba Fọlágbadé, jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òun náà wàjà ní 2019, ìdílé Ògúnoyè ni adé tún padà sí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdílé méjèèjì, nítorí ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èrò mi wà lọ́dọ̀ àwọn tí ilé wọn jó, àwọn tí ìbátan wọn kò bá wọn jẹun mọ́ títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀, àwọn tí ó gbà ní tòótọ́ pé bí ẹni tí ó jókòó lórí ìtẹ́ bá ti yí padà, ohun gbogbo ti yí padà nìyẹn. Òòyì ni ó kọ́ wọn. Ẹni tí òòyì kọ́ a máa rò pé ògiri ni ó ń sáré. Bí ojú rẹ̀ bá wá wálẹ̀, yóò rí i pé ògiri kò kúrò lójú kan, kìkì pé òun ti ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ kejì: ọba lọ, ọba bọ̀, ológun dé, ológun lọ, àwọn ọmọ tí ó kàwé ní 1955 kò padà di aláìmọ̀wé. Ìyẹn ni òwú tí ó wà lára ọ̀pá.

Ohun tí mo ń wí yìí tún hàn gbangba ní Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn, dìde ní 1947 nítorí owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin àti nítorí àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ọba nìkan láìsí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀; wọ́n jókòó yí ààfin ká, wọ́n sun ibẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ní òpin 1950 ó padà. Ẹni tí ó bá wo àga nìkan yóò ní òfo ni gbogbo làálàá náà já sí, nítorí ẹni tí ó dìde kúrò lórí rẹ̀ ni ó tún jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí nílé, obìnrin ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ó sì padà, àṣẹ àdáwà tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ kò bá a padà. Ọba yípo, òwú sì gùn. Ìyá mi ì bá wà níbẹ̀, ì bá ti mọ ohun tí yóò wò.

Mo sì rò pé àwọn baba wa ní Ọ̀wọ̀ ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí a ti mọ̀ lọ, nítorí wọ́n fi ìdojúdé fúnra rẹ̀ sínú ìyípo ọdún. Ọdún Igogo ni mo ń wí, èyí tí à ń ṣe ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ fún ọjọ́ 17 ní ìrántí Orònsẹ̀n, olorì ọba ìgbàanì, tí a sọ nínú ìtàn pé ó ní èèwọ̀: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná lulẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ rú èèwọ̀ náà, ó wọ inú igbó lọ, a kò sì rí i mú padà. Láti ìgbà náà, bí ọdún bá yípo, ìlù a dákẹ́, agogo nìkan ni yóò máa dún. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, tí í ṣe aláṣẹ èkejì òrìṣà, a di irun bí obìnrin, a wọ iyùn, a sì jó jáde kí gbogbo ìlú lè rí i.

Ẹ rò ó wò. Ọba alágbára, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin, ń fi ara rẹ̀ sí ipò obìnrin tí a ṣẹ̀ nínú ààfin ọba, kì í ṣe nítorí pé ọ̀tẹ̀ fi ipá mú un, bí kò ṣe nítorí pé ọdún ti yí kan ibẹ̀. Mo gbà pé ìlú tí ó lè gbé orí lé ilẹ̀ ní ìtìjú Orònsẹ̀n fún ọjọ́ 17 lọ́dọọdún ń kọ́ aláṣẹ rẹ̀ pé agbára jẹ́ ohun tí a gbé wọ̀ tí a sì lè bọ́. Aláṣẹ tí kì í yí ara rẹ̀ padà ni àwọn ènìyàn í yí padà. Ní ọdún tí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ń dún máa ń ju agogo lọ.

Níbi tí a dé yìí ni mo fẹ́ ti dáhùn ìbéèrè tí mo gbé sílẹ̀, ta ni ó ń yí ayé, Olódùmarè ni tàbí ọwọ́ wa? Ìyá mi kò dá òwú, kò sì dá ìyípo. Oòrùn a là, oòrùn a wọ̀. Ọyẹ́ a dé, òjò a tẹ̀ lé e. Ọmọdé a dàgbà, àgbà a sì lọ: kò sí ẹni tí ó lè dá ìwọ̀nyí dúró, kò sì sí ẹni tí ó ní láti tì wọ́n lẹ́yìn. Ti Olódùmarè ni yíyí. Ṣùgbọ́n òwú tí ó wà nínú igbá kò di fọ́nrán nítorí pé ayé ń yí. Bí a bá fi í síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Nínú èdè wa, òwú ni òwú inú igbá ń jẹ́, òwú náà ni fọ́nrán tí a ti ran ń jẹ́. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì kò ju ọwọ́ tí ó mú un ṣinṣin nígbà tí ó ń yí. Kò sí èyí tí ó lágbára nínú àwọn ìrẹ́pẹ́ tín-ín-tín-ín tí ó wà nínú igbá, ọmọ ọwọ́ lè fà wọ́n já. Yíyí ni ó kó wọn mọ́ra wọn tí wọ́n fi di ohun tí a lè fi hun aṣọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ̀yà.

Amọ̀ tí ó wà nídìí ọ̀pá náà ńkọ́? Bí kò bá sí i, ọ̀pá yóò tàkìtì ní yíyí kejì. Amọ̀ ni a sọ pé Òrìṣà-ńlá fi mọ ẹ̀dá. Ohun tí ó sì ń mú ẹ̀dá wúwo nídìí, tí ìjì kò fi lè gbé e lọ, ni à ń pè ní ìwà. Àwọn ẹlẹ́sìn tí ó wà láàárín wa kò sọ ohun mìíràn. Onígbàgbọ́ ń wàásù ìyípadà ọkàn, ẹni tí ó bá sì ti pariwo Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó tún fi òṣùwọ̀n èké wọn gààrí lọ́jọ́ Ajé, òòyì ni ó ṣe. Mùsùlùmí tí ó lọ sí Mẹ́kà a yí Káábà po lẹ́ẹ̀meje, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò sì parí rẹ̀ sí; ẹnikẹ́ni kò lè ka ìrìn náà sí asán nítorí pé kò gbé e kúrò lójú kan, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó parí rẹ̀ kì í ṣe irú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 2019, Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, pe ìwọ́de fún ọjọ́ 5 oṣù Ògún, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo mẹ́nu bà lókè ni ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ náà pé, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú un, a sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Ìtumọ̀ kan wà létí ẹni tí ó pe ìwọ́de, òmíràn wà létí ìjọba, ilé-ẹjọ́ ni a sì gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lónìí, láti Ìfọ́n dé Ìdóàní, láti Ùpelè dé Èmùrè, nítorí pé ebi ń pa wọ́n, wọ́n kàwé, wọn kò rí iṣẹ́. N kò ní bá wọn wí pé kí wọ́n káwọ́ lẹ́rán kí ayé máa yí. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kò fẹ́ràn wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé, kí wọ́n tó na ọwọ́ méjèèjì nínú àgbàlá, kí wọ́n wo ìdí ọ̀pá bóyá amọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n wo inú igbá bóyá wọ́n ti gbọn òwú, kí wọ́n sì mọ ọwọ́ tí yóò mú fọ́nrán náà dání nígbà tí ariwo bá pọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo sì ń bẹ àwa àgbà, àti àwọn tí ó wà ní ipò àṣẹ, kí a má ṣe fi ẹ̀wọ̀n dáhùn ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ti fi ọdún Igogo dáhùn.

Nígbà tí ìyá mi di ẹni ilẹ̀, a mú aṣọ òfì kan jáde láti inú àpótí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ran òwú rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ní àwọn ìrọ̀lẹ́ tí àwa ń ṣubú lu ilẹ̀ ní àgbàlá. Obìnrin ahunṣọ kan ní Ọ̀wọ̀ ni ó sì bá a hun ún. Àwọn ìjọba tí ó jẹ láàárín ìgbà tí a hun aṣọ náà àti ọjọ́ tí a gbé e jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n tán nínú wa láìṣìṣe. Kí a tó tẹ́ ẹ bò ó, mo mú etí aṣọ náà, mo fi gbogbo agbára mi fà á. Kò já.